Kí ni òfin ń pè ní ìpẹ̀yàrun?

Nígbàkígbà tí wọ́n bá pa èèyàn rẹpẹtẹ ní ibì kan, kì í pẹ́ tí ariwo fi máa ń ta pé ìpẹ̀yàrun ni, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní genocide. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń yá sí wa lẹ́nu, nítorí pé ó wà lára àwọn ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lọ tí a lè fi kan ìjọba tàbí ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin, iye òkú kọ́ ni a fi ń dá a mọ̀. Ète tí ó wà lọ́kàn apànìyàn, àti ìdí tí ó fi yan àwọn tí ó pa, ni ilé ẹjọ́ ń wá.

Raphael Lemkin ni ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, genocide. Agbẹjọ́rò ọmọ Júù ni, wọ́n sì bí i ní ọdún 1900 ní abúlé kan tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tí ó ti bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀lárúsì lónìí. Ní ọdún 1921, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àmẹ́níà kan, Soghomon Tehlirian, yìnbọn pa Talaat Pasha ní ìlú Berlin. Talaat wà lára àwọn aṣáájú ilẹ̀ Tọ́kì tí ó ṣètò bí wọ́n ṣe pa àwọn ará Àmẹ́níà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lemkin sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òun bi ọ̀jọ̀gbọ́n òun léèrè ìdí tí wọn kò fi mú Talaat kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní kò sí òfin tí wọn ìbá fi mú un: bí àgbẹ̀ bá pa adìyẹ tirẹ̀, ẹlòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin àgbáyé rí nígbà náà. Ohun tí ọba tàbí ìjọba bá fi àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe, òun ló mọ̀. Ohun tí kò yé Lemkin ni pé ẹni tí ó pa ènìyàn kan jẹ́ ọ̀daràn, nígbà tí ẹni tí ó pa ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù kan kò rí ẹni bi í.

Ní ọdún 1933 ó fi àbá ránṣẹ́ sí àpérò àwọn amòfin kan ní Madrid pé kí wọ́n sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Pólándì, níbi tí ó ń gbé. Lemkin sá gba Lituéníà àti Swídìn dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1941. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ lórí rédíò nípa ohun tí àwọn Násì tí ó ń ṣàkóso Jámánì ń ṣe pé ìwà ọ̀daràn tí kò lórúkọ ni. Ní ọdún 1944 Lemkin fún un lórúkọ: ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìran tàbí ẹ̀yà, ó so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn fún pípa. Ó ṣàlàyé pé ohun tí òun ní lọ́kàn kì í ṣe pípa gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìkan, bí kò ṣe ètò tí a fi ọgbọ́n tò láti wó gbogbo òpó tí ẹ̀yà kan dúró lé, láti orí èdè àti ẹ̀sìn títí dé ọ̀nà àtijẹ. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta ni ìwà ọ̀daràn náà mú lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé àwọn aṣáájú Násì wá sí ilé ẹjọ́ ní Nuremberg, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò mẹ́nu bà á nínú ìdájọ́ wọn ní ọdún 1946. Lemkin kò sinmi. Ó ń tọ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń bẹ̀ wọ́n, títí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi kéde ní ìparí ọdún náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948, wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn lórí rẹ̀ ní Paris.

Abala Kejì Àdéhùn náà ni gbogbo ẹjọ́ dúró lé. Ó ní ohun tí ó ń jẹ́ ìpẹ̀yàrun ni kí ènìyàn ṣe ọ̀kan nínú ohun márùn-ún pẹ̀lú ète láti pa àwùjọ kan run, ìbáà ṣe lódindi tàbí lápá kan, nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan, ẹ̀yà kan, ìran kan tàbí ẹlẹ́sìn kan. Pípa ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣíṣe wọ́n léṣe gidigidi ní ara tàbí ní ọpọlọ, mímọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sínú ìnira tí yóò pa wọ́n run, dídínà ìbímọ láàárín wọn, àti fífi ipá kó ọmọ wọn lọ fún àwùjọ mìíràn. Ẹ wo èyí tí ó kẹ́yìn yẹn dáadáa, nítorí ó lè má sí ẹnikẹ́ni tí yóò kú nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó lọ yóò dàgbà láìgbọ́ èdè ìyá rẹ̀ àti láìmọ orúkọ ìdílé rẹ̀, àwùjọ tí wọ́n ti mú un yóò sì tán nílẹ̀ láìsí ìró ìbọn kan.

Àléébù Àdéhùn náà kò farasin. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò sí lára àwọn tí ó dáàbò bò, nítorí pé àwọn ìjọba kan, Sófíẹ́ẹ̀tì pàápàá, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ ọdún 2018 lórí àwọn aṣáájú Khmer Rouge, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ṣàkóso Kàmbódíà nígbà kan, fi jẹ́ ìpẹ̀yàrun ní ti àwọn ará Vietnam àti àwọn Mùsùlùmí Cham, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n pa láàárín ọdún 1975 sí 1979, tí wọ́n jẹ́ Khmer bí àwọn apànìyàn wọn, bọ́ sábẹ́ ẹ̀sùn mìíràn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Síbẹ̀, ẹ̀sùn mìíràn náà, ìyẹn ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, kò kéré rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kú lábẹ́ rẹ̀ kò kú ikú tí ó fúyẹ́.

Ète ni ó ṣòro jù láti fi hàn, nítorí pé apànìyàn kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, olórí ìlú Taba ní Rùwáńdà, ilé ẹjọ́ wo ọ̀rọ̀ tí ó sọ níta gbangba àti bí wọ́n ṣe ń ṣa àwọn ẹ̀yà Tutsi yọ láàárín àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni wọ́n dá a lẹ́bi, ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àgbáyé gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ títí tí ó sì dá lẹ́bi ìpẹ̀yàrun. Ìdájọ́ kan náà ni ó sọ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà láti pa ẹ̀yà run. Ní ti Srebrenica, ìlú kan ní Bọ́síníà, níbi tí wọ́n ti pa nǹkan bí 8,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ní oṣù Keje ọdún 1995, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè gbà ní ọdún 2007 pé ìpẹ̀yàrun ni, wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè Sérbíà lẹ́bi pé kò dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn ìpakúpa mìíràn nínú ogun Bọ́síníà, wọ́n ní ẹ̀rí ète kò tó.

Dídènà yìí ni àwọn ìjọba ń sá fún. Abala Kìíní Àdéhùn náà fi í ṣe ọ̀ranyàn fún gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní Rùwáńdà ní ọdún 1994, àwọn agbẹnusọ ìjọba Amẹ́ríkà ń yí ọ̀rọ̀ po, wọ́n ń sọ pé ìwà tí ó jọ mọ́ ìpẹ̀yàrun ni ó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wọ́n pé kí ni wọn yóò ṣe sí i. Mo ka ìyẹn sí ohun ìtìjú títí di òní. Ohun tí orílẹ̀-èdè Gáḿbíà ṣe yàtọ̀ pátápátá sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó pe Mìyámà lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nítorí àwọn Rohingya, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kéré níye ní Mìyámà, bẹ́ẹ̀ kò sí ààlà ilẹ̀ kankan tí ó pa orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀. Mìyámà ní ọ̀rọ̀ náà kò kan Gáḿbíà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn adájọ́ dáhùn pé ó kàn án, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn náà ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tí ó bá rú u lẹ́jọ́.