Ẹ Pè Mí Lóru

Ọdún 25 ló pé lóṣù tó kọjá tí mo ti búra iṣẹ́ ìṣègùn. Àwọn ọmọ mi ra kéèkì, ọkọ mi gba àdúrà gígùn, èmi náà sì jókòó láti kọ ẹ̀kọ́ méje sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí wọ́ọ̀dù. Mo ti kọ àkọlé méjèèje. Àfi bí ọ̀kan nínú yín ṣe dúró níwájú mi láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí lóru nígbà tó rí i pé ara aláìsàn ń yí padà. Ó ní, "Mà, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rù ló ń bà mí."

Aláìsàn náà yè. Ṣùgbọ́n láfún tí mo gbé wá láti ilé lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe gbé e wá ni mo gbé e padà sílé ní Ìbàrà, l'Abẹ́òkúta níbí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: wọn yóò pè yín ní nọ́ọ̀sì. Ẹ ó wọ kóòtù funfun, ẹ ó yẹ bàbá wò láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ó kọ oògùn fún un, bàbá yóò wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o. Ìgbà wo ni dókítà ń bọ̀?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìtàn. Ẹ ti kà á, n kò ní fi í dá yín lágara. Elizabeth Blackwell rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà torí pé wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin dìbò, àwọn yẹn sì rò pé àwàdà ni, ni wọ́n bá ní kó máa bọ̀. Ó gboyè lọ́dún 1849. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Elizabeth Garrett Anderson gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn apoògùn lọ́dún 1865, torí pé òfin wọn kò sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ gbà á. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún òfin ṣe kí ẹlòmíràn má bàa gba ibẹ̀ kọjá. Ní Edinburgh, nílẹ̀ Scotland, Sophia Jex-Blake àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún 1869. Nígbà tí wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò ìmọ̀ ẹ̀yà ara ní oṣù kọkànlá ọdún 1870, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin dínà mọ́ wọn, wọ́n ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n, wọ́n tún ti àgùntàn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àgùntàn! Yunifásítì náà kò fún wọn lóyè. Ọdún 2019 ló tó rántí fún wọn, nígbà tí gbogbo wọn ti di ẹni ilẹ̀.

Yunifásítì yìí kan náà ni Agnes Yewande Savage ti gboyè lọ́dún 1929, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ìjọba amúnisìn kò sì fún un lówó bíi ti àwọn ọkùnrin. Ọdún 1938 ni Elizabeth Abimbola Awoliyi gboyè ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, kó tó wálé wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta wa: láti ọdún 1895 ni ilé ìwòsàn ti wà ní Lantoro. Ọdún 43 ni àwọn ìyá wa fi ń pọnmọ lọ síbẹ̀ kí gbogbo Nàìjíríà tó ní dókítà obìnrin kan ṣoṣo.

Mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó wú mi débi pé bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn tò sẹ́yìn mi, pé bí mo bá ṣe àṣìṣe kan péré, àwọn ni mo dójú tì. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kẹta ti wá. Ẹ má retí ìkẹrin.

Mo wà lẹ́nu house job nígbà náà, iṣẹ́ tí dókítà tuntun máa ń kọ́kọ́ ṣe lábẹ́ ọ̀gá, nílé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Àwa mẹ́fà ni house officer, èmi nìkan ni obìnrin. Registrar tó jẹ́ ọ̀gá mi, dókítà tó wà láàárín àwa àti ọ̀gá àgbà, mọ iṣẹ́ abẹ gan-an, ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo pè é láago méjì òru torí ọkùnrin kan tí mo rò pé ikùn rẹ̀ le. Ó wá, ó tẹ ikùn náà wò, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, lójú ọ̀gá àgbà, lójú akẹ́kọ̀ọ́, lójú aláìsàn, ó ní, "Ìyàwó wa ránṣẹ́ pè wá lóru o. Eku ló rí nílé ìdáná." Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Ìyàwó Eléku.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì fún obìnrin kan tó ń ta aṣọ, ẹni ọdún 34. Ọdún keje rèé tó ti ń wá ọmọ. Òun nìkan ló ń pè mí ní Dókítà ní gbogbo wọ́ọ̀dù yẹn, èmi kọ́ ni mo sì kọ́ ọ. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí tíátà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi ṣọ́ ilé ọmọ mi o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Láago mẹ́wàá alẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 96 ní ìṣẹ́jú kan. Láago méjìlá, ó di 112. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì dára, ìyẹn ni mo dì mú bí ẹni tó di igi mú lójú omi. Mo sọ fún ara mi pé ìrora ni. Mo fún un ní abẹ́rẹ́, mo jẹ́ kí dírípù yára sí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń funfun. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, màmá tó ti lò ju ogún ọdún lọ nídìí iṣẹ́ yìí, rìn wá bá mi, ó rọra ní, "Dókítà, ẹ pe ọ̀gá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sí obìnrin yìí nínú."

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó sọ ni èmi náà ń rò. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, ó sì ń dùn mí wọra. Ẹnu nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ yìí tún wá ti jáde, lójú akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Mo ní, "Màmá, èmi ni dókítà níbí." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dókítà." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti sọ fún mi, ó kọ aago sí i.

Mo jókòó ti obìnrin náà, mo ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí ẹni pé kíkà yóò mú un wálẹ̀. Láago méjì, 128. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìfúnpá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré pe ọ̀gá.

Wọ́n tún ikùn rẹ̀ ṣí. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ibẹ̀. Wọ́n gbìyànjú, kò dá, wọ́n sì gé ilé ọmọ náà kúrò kí ẹ̀mí má bàa bọ́. Nígbà tó lajú, èmi ló kọ́kọ́ rí. Ó ní, "Dókítà, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní ọ̀gá ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀. Títí tó fi lọ sílé, kò pè mí ní Dókítà mọ́. Kò pè mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nípàdé, registrar yìí ní, "Ohun tí a fi ń sọ pé obìnrin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí nìyí. Wọn kì í lè pinnu." Ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé mo pè é ló tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé n kò pè é. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i títí dòní, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti rọ̀. Láìpẹ́ yìí wọ́n fi í ṣe alága ìpàdé kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Mo dìde jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn gan-an.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ro ìtàn yìí bíi pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin àbúrò mi, tẹlifóònù wọ́ọ̀dù kò jìn sí mi ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Àwọn obìnrin Edinburgh, tàwọn ti ẹrẹ̀ lára aṣọ ni wọ́n fi jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn ìyá wa níbí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó lọ sí ààfin nítorí owó orí, ojú Aláké ni wọ́n ti kọrin èébú, títí ọba fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà lára mi. Ẹ̀rín wọ́ọ̀dù kan péré ló sì dí mi lọ́nà ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo kọ lókè yẹn, ẹ fa igi lé e. Bí wọ́n bá pè yín ní nọ́ọ̀sì, ẹ yíjú sí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ bi í pé kí ló rí. Èmi lọ wá màmá yẹn láti bẹ̀ ẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì mọ ibi tó kó lọ.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn pè mí. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Mà, ẹ má bínú o, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 118, mi ò mọ̀ bóyá…" Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ró ìró, mo gbé ọkọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, rọ́bà ìtọ̀ aláìsàn ló ká, àpòòtọ̀ rẹ̀ kún, ìrora ń dà á láàmú. Nọ́ọ̀sì tú rọ́bà náà, ó di 90 lójú wa níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà dorí kodò, ó ń retí ohun tí n ó sọ. Mo bi wọ́n bóyá tíì wà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ún nídìí tábìlì nọ́ọ̀sì, mo sì padà sílé lọ sùn.