Ìwé-Ẹ̀rí Mẹ́ta Tí Mo Fẹ́ Gbà Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Lọ́dún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN, ti àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, àti ti CFA, ti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìdókòwò, mo sì tún ra ìwé ìdánwò CIS ti àwọn alágbàtà ìpín-ìdókòwò, nítorí mo gbà pé bí ìwé-ẹ̀rí mi bá ṣe pọ̀ tó ni báǹkì ìdókòwò yóò ṣe tètè gbà mí. Mo fìdí rẹmi nínú méjì tí mo jókòó fún, owó tí mo tọ́jú sì tán, pàápàá nítorí pé dọ́là ni wọ́n ń gbà fún CFA.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún. ICAN, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1965, dá lórí ìṣirò owó, àyẹ̀wò ìwé owó àti owó-orí. CIS, tí òfin tirẹ̀ jáde ní 1992, wà fún ẹni tó fẹ́ máa bá oníbàárà ra ìpín-ìdókòwò, kí ó sì máa bá wọn tà á. CFA ní tirẹ̀ ń kọ́ni bí a ṣe ń díwọ̀n iye tí ilé-iṣẹ́ tàbí bọ́ǹdì (ìwé gbèsè tí wọ́n ń tà) tó sí, èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ báǹkì ìdókòwò jù, nítorí pé iṣẹ́ báǹkì bẹ́ẹ̀ ni láti bá ilé-iṣẹ́ àti ìjọba wá owó ńlá, àti láti gba ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra òmíràn nímọ̀ràn.

Mo kọjú sí ICAN nìkan títí mo fi parí rẹ̀, òun ló sì bá mi wá iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá mi gbé ìwé owó ọdún 5 ti ilé-iṣẹ́ kan fún mi pé kí n fi Excel ṣírò iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó sí. Títí di aago méjì òru, ohun-ìní ilé-iṣẹ́ náà kò bá àròpọ̀ gbèsè àti owó àwọn tó ni ín dọ́gba bó ṣe yẹ. Àṣé mo ti yọ owó ogbó ẹ̀rọ, ìyẹn iye tí ẹ̀rọ fi ń dín kù lọ́dọọdún láìjẹ́ pé owó jáde lápò, kúrò nínú èrè, mo sì gbàgbé láti dá a padà nígbà tí mo ń ṣírò owó tó wọlé gan-an, bẹ́ẹ̀ mo ti dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ìdánwò láìṣì í rárá!

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣì wà ní yunifásítì, ẹ wa ìwé owó ọdọọdún ilé-iṣẹ́ tó wà lórí NGX, ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà, jáde lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tún un kọ sórí Excel kí ẹ tó náwó lórí ìdánwò kankan. Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣe CFA, ìpele 3 ni, àjọ tó gbé e kalẹ̀ sì dábàá nǹkan bí 300 wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ọkọ̀ BRT láti Ìkòròdú ni mo ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi. Ẹni tó yege tán gbọ́dọ̀ tún ní 4,000 wákàtí iṣẹ́ tó bá a mu, láàárín oṣù 36 ó kéré tán, kí ó tó gba oyè.

Mo ti padà sí CFA, ìpele kejì ni mo wà báyìí. Mo ti fi ìwé CIS ta ẹnìkan lọ́rẹ.