Sípíkà oníhọ́ọ̀nù, apá kẹta: mo ti mú yúnìtì

Àpótí ìsàlẹ̀ ti parí látọ̀sẹ̀ tó kọjá: púláíwúùdù mìlímítà 18, sípíkà ínṣì 12 kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Họ́ọ̀nù méjèèjì náà ti wà nílẹ̀. Káfíńtà ló bá mi lẹ pátákó mọ́ra ní ìpele-ìpele, a sì fá inú wọn títí wọ́n fi ń dán. Ohun tó kù ni compression driver, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní yúnìtì, nǹkan róbótó tó wúwo bí òkúta tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí họ́ọ̀nù. Òun ló máa gbé gbogbo ìró láti àárín ohùn èèyàn lọ sókè. Bí mo bá ṣì í mú, asán ni gbogbo òógùn tí mo ti là lórí àpótí.

Fún ẹni tí kò tíì tú u wò rí: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó kó ikùn bí ìdérí igbá. Kọ́ìlì yí etí awọ náà ká, ó sì wọ inú àlàfo tóóró kan lẹ́bàá òòfà. Iwájú awọ ni wọ́n fi irin kan dí, irin tí wọ́n la ojú tín-ínrín sí lára, kí afẹ́fẹ́ lè fún pọ̀ kó tó gba ọ̀fun jáde, kí ìró tó wá láti etí awọ àti èyí tó wá láti àárín rẹ̀ sì jọ dé ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfúnpọ̀ yìí, pẹ̀lú họ́ọ̀nù tó wà níwájú rẹ̀, ni wátì kan ṣoṣo fi ń dún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Wente àti Thuras, àwọn ẹnjiníà ní Bell Labs (ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà), nílò gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣe yúnìtì Western Electric 555, èyí tí ilé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1926. Wátì díẹ̀ ni ańpù ìgbà yẹn ń mú jáde, gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n sì fẹ́ kí ìró kún.

Oríṣi mẹ́ta ni mo tò sórí tábìlì, méjì-méjì. Èkíní ni irú èyí tó wà nídìí họ́ọ̀nù mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, awọ phenolic (aṣọ tí wọ́n fi oje mú le), ó nípọn, kì í tètè bàjẹ́. Èkejì jẹ́ èyí tí awọ rẹ̀ jẹ́ irin titanium, olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ lára, tí wọ́n kọ «400W» àti «20,000 Hz» gàdàgbà sí páálí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni B&C DE250 láti Ítálì: ọ̀fun ínṣì kan, kọ́ìlì mìlímítà 44, awọ polyimide (irú ike kan), wátì 60.

Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń ga tó. Mi ò ka nọ́ńbà òkè, ìyẹn ibi tí ohùn yúnìtì ga dé, sí rárá. Ìsàlẹ̀ ni mo ń wò: níbo ni yúnìtì ti lè bẹ̀rẹ̀ láìṣe wàhálà? Sípíkà ínṣì 12 mi fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ìgbì ìró ní 1,600 Hz kò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ. Tí mo bá jẹ́ kí sípíkà ńlá yìí máa sọ̀rọ̀ lọ kọjá ibẹ̀ dáadáa, iwájú rẹ̀ nìkan ni yóò kọjú sí, ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin yékéyéké. Bí mo bá sì fi krọsóvà, ìyẹn ibi tí sípíkà ńlá ti ń fi ìró lé yúnìtì lọ́wọ́, sísàlẹ̀ jù, bí ìró ṣe ń rẹlẹ̀ ni awọ yúnìtì á máa rìn jìnnà sí i, tó bá sì ti kọjá ibi tí agbára họ́ọ̀nù mọ, kò sí ohun tó di awọ yẹn mú mọ́. Àwọn tó ṣe DE250 fúnra wọn dá a lábàá pé 1,600 Hz ni kí krọsóvà wà. Ó bá ibi tí mo ń wá mu wẹ́kú.

Mo fi kapásítọ̀ 20 µF sójú wáyà kó tó di pé mo dán èyíkéyìí wò. Fún yúnìtì 8 ohm, ó ń dín ohun tó wà nísàlẹ̀ 1,000 Hz kù, ó sì ń gba awọ lọ́wọ́ gbì tí ańpù máa ń ṣe nígbà tí a bá tàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo èyí.

Máìkì wà ní mítà kan, REW, ètò tó ń wọn ìró, wà lórí kọ̀ǹpútà. Phenolic dúró ṣinṣin nísàlẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́yìn 5,000 Hz. Titanium lọ sókè jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò bára wọn dọ́gba: ní 3,000 Hz, ọ̀kan fi 4 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ń dún tó) ju èkejì lọ. Tọ́tùn-ún-tòsì kò lè jókòó síbi kan náà pẹ̀lú irú ìyẹn, olórin á máa rìn kiri láàárín sípíkà méjèèjì. Ó dùn mí, torí owó kékeré kọ́ ni mo san. DE250 méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí etí tó mọ ìró dájọ́. Mo pe Bàbá onílù àdúgbò wa wá, mo fi ìyáàlù dùndún tí mo gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá sí i. Wọ́n kẹ̀yìn sí tábìlì. Fún phenolic, wọ́n ní, «Mo gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí, àmọ́ wọ́n ti já ṣaworo rẹ̀ dànù.» Nígbà tó kan titanium, wọ́n yí orí padà: «Ṣaworo nìkan nìyí. Ta ló wá ń lu awọ?» Mo bi wọ́n pé, «Ẹ jẹ́ kí n fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i, Bàbá?» Nígbà tí DE250 bẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rí i pé ètè wọn ń mì, wọ́n ń fi ẹnu tẹ̀ lé oríkì tí ìlù ń kì.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. REW fi ihò kan hàn lókè, nítòsí 9,000 Hz, tí kò sí nígbà tí mo dán yúnìtì yìí wò lórí họ́ọ̀nù tí mo yá. Mo tú bóòtù méjèèjì, tó wà ní mìlímítà 76 síra, mo fi ìka ọwọ́ kékeré wọ ọ̀fun họ́ọ̀nù mi. Ìka mi kọlu àtẹ̀gùn kékeré kan: pátákó ìpele àkọ́kọ́ fi bíi mìlímítà méjì fẹ̀ ju ẹnu yúnìtì lọ. Bí ìró bá jáde láti ọ̀nà ínṣì kan tó sì ko àtẹ̀gùn lójijì, apá kan rẹ̀ á padà sẹ́yìn. Mo fi lẹ́ẹ̀dì tí àwọn akun-mọ́tò fi ń dí ara ọkọ̀ kún un, mo fi yanrìn pépà tí mo ká mọ́ igi bírò fá a fún alẹ́ méjì, títí ìka mi fi ń yọ̀ láti irin bọ́ sí igi láìkọsẹ̀. Ihò yẹn di. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ohun tí wọ́n fi ṣe awọ ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, mo gbà pé ọ̀fun tí ó bára mu ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ìyókù yá. Pẹ̀lú wátì kan, ní mítà kan, DE250 ń dún tó 108 dB, sípíkà ńlá mi jẹ́ 97, nítorí náà mo fi rẹsítọ̀ gé e ní 11 dB. Èyí tún pa ariwo ṣíì tí ańpù ń ṣe lẹ́nu họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù tó ń tan ìró káàkiri bákan náà máa ń jẹ́ kí òkè rọ, nítorí náà mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láti 4,000 Hz lọ.

Ọ̀fun họ́ọ̀nù kejì ni mo máa fá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá ti ní àwọn ń bọ̀, wọ́n á mú ìyáàlù náà fúnra rẹ̀ dání, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.