Ẹ Fa Asẹ́ Ẹ́síì Yín Yọ Wò Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì

Iṣẹ́ títún ẹ́síì ṣe ni mo ń ṣe láàrin Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lórí fóònù kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ́síì ò tutù mọ́, gáàsì ti tán." Tí mo bá débẹ̀, kí n tó gbé irinṣẹ́ kankan jáde, mo máa ń ṣí ìdérí iwájú ẹ́síì náà, màá sì fa asẹ́ inú rẹ̀, àwọ̀n tó ń gba eruku dúró, yọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń parí síbẹ̀. Mo fa ti Àlàájà kan yọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, eruku ti bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí ihò kankan lójú rẹ̀. Ìyá náà wò ó títí. "Ṣé inú yàrá tí mò ń sùn ni gbogbo èyí ti wá?" Ibẹ̀ náà ni, Mà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi, torí owó yín ni: ẹ́síì kì í jẹ gáàsì. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni gáàsì ń yí po, kò sì sí ibi tó ń lọ àfi tí páìpù bá ń jò. Ẹni tó bá ń fi gáàsì kún ẹ́síì yín lọ́dọọdún tí kò wá ibi tó ń jò kò tíì tún nǹkan kan ṣe fún yín.

Bí asẹ́ tó dí ṣe ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Fáànù inú ẹ́síì ló ń fa afẹ́fẹ́ yàrá gba ojú asẹ́ kọjá lọ sára kọ́ìlì, ìyẹn àwọn páìpù tútù tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Tí eruku bá dí asẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń dé ara kọ́ìlì á kéré, kọ́ìlì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sì di yìnyín lára rẹ̀. Yìnyín yẹn náà á tún dí ọ̀nà. Tí ẹ bá wá pa á, yìnyín á yọ́, omi á máa ṣàn lára ògiri, ẹ ó sì rò pé ọpọ́n omi rẹ̀ ló fọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó wà níta, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po, kò sinmi, torí pé yàrá kò tutù dé ibi tí ẹ fi rìmóòtù sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́, ti kọjá 200 náírà fún yúníìtì kan, ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fojú fò. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára iná sọ pé tí èèyàn bá yọ asẹ́ tó dọ̀tí, tó fi èyí tó mọ́ sí i, iná tí ẹ́síì ń jẹ lè fi 5 sí 15 nínú 100 dín kù.

Àwọn ìwé tó ń bá ẹ́síì wá sábà máa ń ní kí a fọ asẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tí òjò bá ń rọ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku Sàhárà wá bá wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì Ṣàgámù sí Benin tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà, tàbí ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ asẹ́, ẹ pa iná ẹ́síì náà lára ògiri, kì í ṣe pẹ̀lú rìmóòtù nìkan. Ẹ fa asẹ́ yọ, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ wá da omi sí i láti ẹ̀yìn, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Omi tó gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ á ká a kò. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má sì dá a padà ní tútù, torí eruku á lẹ̀ mọ́ ọn kíá, á sì máa hu èéhù. Àwọn kan máa ń yọ asẹ́ kúrò pátápátá kí atẹ́gùn lè fẹ́ dáadáa. Ó dùn mọ́ wọn fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo eruku á ti wọ inú kọ́ìlì, owó fífọ kọ́ìlì sì pọ̀ púpọ̀ ju ti ọṣẹ lọ.

Ìjẹ̀bú wa yìí, ilé tí wọ́n tì pa pọ̀ níbẹ̀. Èkó ni onílé wà, ó di Iléyá kó tó wálé wá ṣe Òjúde Ọba. Ẹ má kàn débẹ̀ lálẹ́ kí ẹ tẹ rìmóòtù kí ẹ sùn. Ẹ rán ẹnì kan lọ ṣáájú, kó fọ asẹ́, kó ṣí fèrèsé, kó jẹ́ kí fáànù nìkan kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, kó sì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó wà níta bóyá alángbá tàbí ẹyẹ ti sọ ọ́ di ilé.

Ọ̀rọ̀ yíyan asẹ́ kàn àwọn tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gba inú àjà fẹ́ sí gbogbo yàrá, irú èyí tí àwọn ará wa tó ti Amẹ́ríkà dé ń ṣe sílé. Asẹ́ tiwọn kì í ṣe fífọ̀, pípààrọ̀ ni. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MERV, láti 1 dé 16. Bó bá ṣe ga tó ni eruku tó lè mú ṣe ń kúnná tó. Oníbàárà mi kan ra MERV 13 tó nípọn íńṣì kan, torí ó gbà pé èyí tó ga jù ló dára jù. Ó dára lóòótọ́ fún èéfín àti eruku tó kúnná, ṣùgbọ́n fáànù ilé rẹ̀ kò lágbára tó lè fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Bí ẹni fi aṣọ tó ki jù sẹ́ ògì ni: kò ní í jò. A dá a padà sí MERV 8, ilé sì tutù. Ẹni tó bá fẹ́ 13 dandan, kó ní kí wọ́n ṣe àyè fún asẹ́ oní-íńṣì mẹ́rin, torí pé ìṣẹ́po inú rẹ̀ jìn, afẹ́fẹ́ sì ráyè gbà á kọjá. Ẹ wo ọfà tó wà lára férémù rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ fáànù ló yẹ kó kọjú sí. Ẹ lè sọ èyí fún àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun náà: nígbà òtútù, asẹ́ tó dí lè mú kí ẹ̀rọ amúlémóoru wọn gbóná jù, kó máa kú fúnra rẹ̀.

Ti ara ògiri tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lò, asẹ́ rẹ̀ kò ju kó dáàbò bo ẹ̀rọ lọ. Fọ́nrán àti eruku ńlá ló ń mú. Tí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ni kí ẹ rà sí yàrá ọmọ náà, èyí tí asẹ́ rẹ̀ jẹ́ ojúlówó HEPA, tó ń mú 99.97 nínú 100 ohun tó kéré tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan).

Àmọ́ kò sí asẹ́ kankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí, àti HEPA pàápàá, tó lè mú èéfín olóró tí kò ní òórùn (carbon monoxide), èyí tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀. Ẹ́síì ara ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń yí po, nítorí náà ohun tó bá ti wọlé á dúró tì yín. Mo ti bá jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí páìpù ẹ́síì gbà wọlé tí wọn ò dí. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, ẹ kọjú sálẹ́ńsà rẹ̀ síta, kí ẹ sì ní kí ẹni tó bá kọ́ ẹ́síì yín wá dí ihò yẹn kó tó lọ.