Mẹ́ńbà wà nínú sẹ́ẹ̀tì, Java ní òun ò rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Java, èdè tá a fi ń kọ áàpù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gba oorun lójú mi ní òru méjì. Mò ń kọ áàpù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, fáìlì méjì ni mo ti ń ka orúkọ mẹ́ńbà wọlé, mo bá dà wọ́n sínú HashSet, irú sẹ́ẹ̀tì (àkójọ nǹkan) kan ní Java, torí sẹ́ẹ̀tì kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àbí? Ni ìyá kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bi mi ni. Mi ò kọ equals (èyí tó ń sọ bóyá nǹkan méjì bára mu) àti hashCode (èyí tó ń fún nǹkan ní nọ́ńbà tí sẹ́ẹ̀tì fi ń wá a) sínú kíláàsì Mẹ́ńbà, àwòṣe tí mo fi ń dá mẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tó ò bá kọ wọ́n, bóyá object (ẹyọ nǹkan tá a fi kíláàsì dá) kan náà gan-an ni nìkan ni Java máa wò, orúkọ àti fóònù ì báà bára mu, bí ìbejì, ojú jọra àmọ́ ẹni méjì ni. Mo wá kọ méjèèjì, mo fi fóònù ṣe ìdámọ̀. Ẹ má kọ ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀ o, hashCode ló ń júwe yàrá, equals ló ń dá ẹni mọ̀ téèyàn bá débẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tún fóònù ṣe kó rí bákan náà kẹ́ ẹ tó fi sí i, torí 080 àti +234 kì í ṣe ọ̀kan náà lójú String, irú tí Java fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ńbà kan pààrọ̀ láìnì. Mo pe setFoonu, tó ń yí fóònù padà, lórí ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀tì. Mo bi sẹ́ẹ̀tì, contains (ṣé ó wà níbẹ̀)? False (rárá). Remove (yọ ọ́ kúrò) ńkọ́? False. Mo wá fi for yẹ inú ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni yìí jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀! Mo tún add ẹ̀ (fi í kún un), size (iye tó wà níbẹ̀) kúrò ní 40 ó di 41, object kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

HashMap, àpótí tó ń fi hash (nọ́ńbà tó ti inú hashCode wá) wá nǹkan, ló wà nínú ikùn HashSet, ọjọ́ tó o fi nǹkan sí i ló ń ṣírò hash ẹ̀ tó sì ń tọ́jú ẹ̀. Tó o bá yí fóònù padà, kò mọ̀, hash tuntun ló máa fi wá a, bí ìgbà téèyàn ṣì wà ní Mushin tí wọ́n ń wá a lọ sí Ìkòròdú. Mo bá gba nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí kì í yí padà, mo fi í ṣe ìdámọ̀ dípò fóònù, mo sọ ọ́ di final, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ yí èyí tẹ́ ẹ fi ṣe hash, ẹ kọ́kọ́ remove, kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ tún add.

TreeSet, sẹ́ẹ̀tì tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, tún ní tiẹ̀, compareTo (èyí tó ń sọ èyí tó ṣáájú) ló ń wò, kò ka equals sí. Mo fi orúkọ bàbá nìkan tò wọ́n, Adébáyọ̀ méjì di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ add ti dá false (pé kò wọlé) padà fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mi ò wò ó.