Kí ẹ tó dá oṣù fún odò olódò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ká máa báni ṣètò ìrìn àjò, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan wá bá mi. Wọ́n fẹ́ lọ wa ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Zambezi láàárín Zambia àti Zimbabwe, nísàlẹ̀ ọ̀sọ̀rọ̀ omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Victoria Falls, níbi tí omi ti ń hó lórí àpáta bí omi àmàlà. Wọ́n ní oṣù wo ló dáa. Mo kà á pé òjò ibẹ̀ máa ń dá bí oṣù kẹta bá ń parí lọ, mo bá ní kí wọ́n lọ lásìkò ọdún Àjíǹde, nínú oṣù kẹrin. Lójú tèmi, omi á ti máa fà.

Wọ́n débẹ̀, odò kún dẹ́nu. Wọn ò gbé ọkọ̀ kankan sómi. Ọ̀kan nínú wọn pè mí, ariwo omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní omi á ti fà." Mi ò rí èsì fọ̀. Apá kan nínú owó wọn, àpò mi ni mo ti san án padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. Oko bàbá mi wà lódìkejì odò Ọbà. Lásìkò òjò, tá a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, bàbá á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹrẹ̀ létí omi gan-an. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ká ṣòkòtò sókè, igi yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀kán òjò kan ò kán nílé wa mọ́jú, síbẹ̀ ṣóńṣó igi nìkan ló yọ, omi náà pọ́n bí ẹni po amọ̀ sí i. Bàbá ní, "Òjò ti rọ̀ lókè. Omi ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá níwájú wa." A padà sílé.

Bí Zambezi náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé tiẹ̀ ju ti mọ́júmọ́ lọ. Àríwá ìwọ̀-oòrùn Zambia ló ti ṣàn wá, ó gba Angola kọjá, ó tún padà wọ Zambia, ó wá tẹ́ rẹrẹ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Barotse, níbi tó ti ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Oṣù kẹrin ló máa ń pọ̀ jù ní Victoria Falls, nígbà tí òjò ti dá tán. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkejìlá lomi ti fà tó fún àwọn awakọ̀. Ẹ má sì rò pé omi tó fà lomi tó rọ̀ o. Àfonífojì tóóró lodò yẹn wà: bó bá kún, ó máa ń bo àpáta mọ́lẹ̀, bó bá fà, àpáta á yọrí, ìgbì á ga. Ooru oṣù kẹwàá ibẹ̀ tún le, ẹsẹ̀ lèèyàn sì sábà máa ń fi gun òkè jáde lẹ́yìn tí àjẹ̀ ti ro ó lápá. Mo máa ń sọ ìyẹn fún oníbàárà kó tó sanwó.

Ti Jinja ní Uganda yàtọ̀. Inú adágún Victoria ni Náílì ti ń jáde níbẹ̀, adágún náà sì tóbi débi pé òjò oṣù kan kì í tètè hàn lára ẹ̀, ni wọ́n fi ń wakọ̀ yípo ọdún. Dáàmù ni kí ẹ bèèrè níbẹ̀: ti Bujagali tí wọ́n parí ní 2012 ti bo díẹ̀ lára ibi tí omi ti ń hó tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ "oṣù kẹrin" sílẹ̀ fún tọkọtaya kan. Mo ní odò wo? Ó ní Zambezi. Mo ní kó fi ìka tọ odò náà lórí àwòrán ilẹ̀, láti Victoria Falls lọ sókè. Ìka ẹ̀ dé Angola, ó wojú mi. Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti pa oṣù kẹrin rẹ́.