Ọdún mẹ́wàá nídìí ìwé oyè Scotland: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Lónìí ló pé ọdún mẹ́wàá gbáko tí mo ti ń tú ìwé ìdílé àwọn olóyè ní Edinburgh, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ kọ fún ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí méjì nínú yín tí wọ́n ń tẹ ibi tí mo ti ṣubú gan-an, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín.

Ìkíní, oyè kì í ṣe ẹrù tí wọ́n dì sínú àpò kan. Ẹ wo ìdílé Hay. Wọ́n yìnbọn pa Josslyn Hay, Earl of Erroll kejìlélógún, nítòsí Nairobi ní January 1941, kò sẹ́ni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi títí dòní. Kò bí ọkùnrin, Diana nìkan ló bí, ọmọ ọdún 15 ni nígbà yẹn. Diana ló jogún Erroll, tòun ti ipò Lord High Constable, ipò ńlá láàfin Scotland, tí Ọba Robert the Bruce fún baba ńlá wọn ní 1314. Àmọ́ oyè Josslyn mìíràn, Baron Kilmarnock tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní 1831, ọkùnrin nìkan ló wà fún, ló bá bọ́ sọ́wọ́ Gilbert, àbúrò olóògbé, ìyẹn sì yí orúkọ ẹ̀ sí Boyd. Òkú kan, oyè pín sílé méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sutherland, ìdílé olóyè mìíràn ní Scotland, ní 1963.

Ìkejì, ní Scotland, tí oyè kan bá gba obìnrin láàyè, tó jẹ́ obìnrin nìkan ni olóyè bí, èyí àkọ́bí ló máa mú un. Kì í ṣe bíi ti England tí àwọn oyè àtijọ́ kan á kàn so rọ̀ láàárín àwọn ọmọ obìnrin.

Ìkẹta... ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà sílẹ̀ jàre, ibí yìí lojú ti tì mí.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, bàbá arúgbó kan wá, ó ní ìyá bàbá bàbá òun ni àkọ́bí olóyè kan tí kò bí ọkùnrin, ṣé oyè yẹn lè kan òun. Mo wá ìwé tí ọba fi dá oyè náà sílẹ̀ jáde, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọmọkùnrin nìkan. Ilé olóyè ni wọ́n bí èmi náà sí nílé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ obìnrin lẹ́nu mọ́ tí ọ̀rọ̀ oyè bá délẹ̀, torí náà kò tiẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì. Mo kọ ojú ìwé méjì: oyè ti parẹ́. Bàbá sanwó, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Ohun tí mi ò wò rèé. Kó tó di 1707, olóyè Scotland lè dá oyè padà sọ́wọ́ ọba, kí ọba tún un fún un pẹ̀lú ètò ìjogún tuntun, novodamus ni àwọn lọ́yà wọn ń pè é. Ìdílé bàbá yẹn ti ṣe é, wọ́n ti fi obìnrin sí i. Àwọn ìwé tí wọ́n kó irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jọ sí wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn àga mi. Lẹ́yìn àga mi o!

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíì bá wọn rí i. Bàbá ti kú. Ọmọ ẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí wa, ọ̀gá mi tó buwọ́ lu iṣẹ́ yẹn láìṣí i wò dìde ní mítíìnì, ó ní òun kìlọ̀ fún mi kí n wá ìwé kejì. Irọ́ gbuu! Ohun tó sọ fún mi ni pé kí n tètè parí ẹ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀. Mi ò lè fọhùn, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ wọn. Mo kọ̀wé bẹ ọmọ bàbá, ìlà kan ló fi dáhùn: bàbá mi gbà yín gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ sì ń pariwo pé ẹ ti rí i, ìwé ìbí tí ìjọba Scotland bẹ̀rẹ̀ ní 1855 á sọ ẹni tó bí ta ni fún yín, kò ní sọ ẹni tí oyè kàn.

Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá yẹn fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìdágbére ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.